Ojú Tí Wọ́n Ní Ká Má Dárúkọ

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, inú ń bí mi. Mo mọ̀ pé wọ́n ti kọ́ wa pé kí onígbàgbọ́ má jẹ́ kí oòrùn wọ̀ bá ìbínú òun, ṣùgbọ́n oòrùn ti wọ̀ bá tèmi, ó ti tún là bá a, àìmọye ìgbà, kò sì kúrò nílẹ̀. Bí mo bá jí láàárọ̀, tí mo rí ọkọ mi tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá etí bẹ́ẹ̀dì, tó ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà nílẹ̀, ńṣe ni àyà mi máa ń gbóná bí ààrò. Ọkùnrin tó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé títí tó fi fẹ̀yìntì, tó jẹ́ pé bó bá da kókó gbígbẹ sí ọwọ́, ẹ̀ẹ̀kan ló máa wò ó, á sọ fún ọ pé èyí ti hu, èyí ṣì dára, òun ló wá ń bi mí nísinsìnyí pé ṣé ilẹ̀ ti mọ́. Kì í ṣe pé ó ṣubú o. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́ ní òkò. Jẹjẹrẹ ló ń ṣe é nísàlẹ̀ ikùn. A lọ tọ́jú jẹjẹrẹ, jẹjẹrẹ lọ, ojú sì bá a lọ. Ẹ ó bi mí pé kí ló pa ojú àti ìsàlẹ̀ ikùn pọ̀? Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín gan-an nìyẹn, torí pé nígbà tó yẹ ká gbọ́ ọ, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún wa, èmi tí mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín.

Ìkẹ́rẹ́ ni à ń gbé. Aránṣọ ni mí, ọkọ mi, Bàbá Dàpọ̀, sì ní oko kókó kan lójú ọ̀nà Ìṣẹ́ tó ń tọ́jú látìgbà tó ti fiṣẹ́ tíṣà sílẹ̀. Ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn. Bí ènìyàn bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò ní mọ̀, àfi tí onítọ̀hún bá bọ́ síwájú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní àgbà ti dé. Ìgbà tó ṣubú lé ọmọ aládùúgbò wa lórí ni mo fà á lọ sí ilé ìwòsàn ojú ní Adó. Dókítà ibẹ̀ ní gulakómà ni. Ó ṣàlàyé pé nǹkan kan ń le koko nínú ẹyinjú, ó ń tẹ iṣan tí ojú fi ń ríran, ó sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Ó ní èyí tó ti lọ ti lọ, ṣùgbọ́n oògùn kan wà tí yóò máa kán sí i ní alaalẹ́, tí yóò dáàbò bo èyí tó kù. Ó fi ìka méjèèjì di etí ara rẹ̀ mú, ó ní, ẹ gbọ́ mi o, ẹ má dá a dúró láé. Ọkọ mi sì ń kán an. Èmi ni mò ń gbé orí rẹ̀ lé itan mi tí mò ń bá a kán an, lẹ́yìn àdúrà alẹ́.

Ìsọjí ńlá kan ló wá wáyé ní ìjọ wa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ni ajíhìnrere ìjọ náà. Ẹ̀gbọ́n Ajíhìnrere ni gbogbo wa ń pè é. Lọ́jọ́ náà ó ké sí gbogbo ẹni tí ojú ń yọ lẹ́nu. Ọkọ mi jáde, ó kúnlẹ̀, wọ́n gbàdúrà fún un, ó dìde, ó ní òun rí i pé ibi gbogbo mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo hó pẹ̀lú àwọn tó hó. Ẹ má ṣì mí gbọ́, n kò sọ pé Ọlọ́run kò lè ṣe é. Ọlọ́run tó la ojú afọ́jú kò tíì kú, òun ni mo ṣì ń sìn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni mò ń sọ. Ní ìjọ wa, àṣà kan wà tí wọ́n ti fi kọ́ wa láti kékeré: ohun tí Olúwa bá ti gbé lọ, ẹnu ènìyàn kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá ń dárúkọ àìsàn tí wọ́n ti wò sàn ló ń pè é padà wálé. Nítorí náà kò sẹ́ni tó ń sọ pé òun ní ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín wa, “ohun àtijọ́” ni à ń pè é, tí a bá tilẹ̀ máa pè é rárá. Lọ́jọ́ kejì ìsọjí, Ẹ̀gbọ́n wọlé wá, ó béèrè ìgò oògùn ojú náà, ó mú un kúrò lọ́wọ́ mi, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ jù ú sí ààtàn ẹ̀yìnkùlé wa. Ó ní ẹni tí Jésù ti wò kì í tún máa di ìgò mú. Àmín la ṣe.

Ìgbà tó yá, ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọkọ mi lẹ́nu. Á dúró, á dúró, kò ní jáde bó ṣe yẹ. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni, nínú kókó kékeré kan tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, èyí tí wọ́n ń pè ní prọ́sítéètì. Wọ́n ní ó ṣì wà lójú kan, kò tíì tàn ká, pé bí a bá tètè yọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí ó lọ pátápátá. Dàpọ̀, àkọ́bí wa, tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ló gbọ́ nípa ilé ìwòsàn kan tó ń fi rọ́bọ́ọ̀tì ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ gbọ́ iṣẹ́ abẹ tẹ́lẹ̀. Ó ní ọ̀bẹ ènìyàn kò ní kan ọmọ ìyá òun. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé ẹ̀rọ ni, ojú rẹ̀ tàn. Ó ní ẹ ò rí i, Ọlọ́run ti ṣe ọ̀nà tí kò ní sí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀ rárá. Ó tilẹ̀ fi wàásù lórí pẹpẹ, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́. Nígbà tí àwa àti Ẹ̀gbọ́n dé Èkó, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ táì, tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá àwọn tó wá gba ìtọ́jú sọ̀rọ̀, tún bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, “Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Kì í rẹ rọ́bọ́ọ̀tì, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ihò kéékèèké ni, ẹ ò ní mọ̀ pé wọ́n ṣe nǹkan kan fún yín.” Bí mo bá rántí ẹ̀rín ẹnu ọmọ yẹn, ọwọ́ mi á máa jó mi. Ẹ ò ní mọ̀ pé wọ́n ṣe nǹkan kan fún yín, ó sọ ọ́ fún ọkọ mi.

Mo gbọdọ̀ sọ òtítọ́ nípa dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ náà, torí Ọlọ́run ń gbọ́ mi. Kì í ṣe òpùrọ́. Nígbà tí a wọ yàrá rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ já irọ́ ọlọ́táì. Ó ní ẹ̀rọ náà kì í dá ohunkóhun ṣe, pé òun ni òun máa jókòó sí ìdí rẹ̀ nínú yàrá kan náà, òun á máa wo inú ikùn ọkọ mi nínú awò kan tó ń mú nǹkan tóbi, ọwọ́ òun ni yóò sì máa darí àwọn apá irin náà. Ó yé mi wàrà. Èmi tí mò ń fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì láti ìgbà ọmọge, mo mọ̀ pé kò sí máṣíìnì tó dá bùbá rán rí. Bí aránṣọ kò bá mọ iṣẹ́, wíwọ́ ni aṣọ yóò wọ́. Mo bi í pé ṣé ó ti ń ṣe é tipẹ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì sọ ibi tó ti kọ́ ọ. Ó ní ihò á kéré lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ kò ní dà púpọ̀, a ó tètè lọ sílé, ṣùgbọ́n bí ojú ihò ṣe kéré tó kọ́ ni iṣẹ́ inú kéré tó. Ó ní ìtọ̀ yóò máa jò fún ìgbà díẹ̀, agbára ọkùnrin lè dín kù, àti pé bí nǹkan bá le lójijì, àwọn á gbé ẹ̀rọ náà kúrò, wọ́n á fi ọwọ́ la ikùn. Gbogbo èyí ló sọ. Ẹ̀gbọ́n sì ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ìkéde, torí kò gbọ́ ohun kan nínú rẹ̀ ju rọ́bọ́ọ̀tì lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wá dé ibi tó dé. Dókítà kọjú sí ọkọ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í: ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́, àtọ̀gbẹ ńkọ́, ikọ́ fée, iṣẹ́ abẹ àtijọ́, àìsàn ojú, oògùn tí ẹ ń lò. Ọkọ mi ya ẹnu, ó sì yí ojú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ bó ṣe máa ń rí ní ilẹ̀ wa. Àgbà ló bá a wá, àgbà ni ẹnu tọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n bá gba ọ̀rọ̀ náà, ó ní, “Dókítà, ara àbúrò mi dá ṣáṣá. Èyí tẹ́ ẹ rí yìí nìkan ló kù tí Olúwa fẹ́ parí.” Mo wú ikọ́. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́ sà, ojú rẹ̀ ti… N kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí Ẹ̀gbọ́n fi yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ìyàwó, ṣé ojú ni wọ́n ń gbà tọ̀ ní ulé yín ni?”

Dàpọ̀ rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Dókítà náà rẹ́rìn-ín, ó kọ ohun tó fẹ́ kọ, ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìyàwó ilé ni mí, n kò lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n ọkọ mi níwájú àjèjì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè: dókítà tó gbọ́ tí obìnrin pe “ojú”, tó sì mọ ohun tí òun fẹ́ fi ọkùnrin yẹn ṣe, kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín? Èé ṣe tí kò sọ pé, ẹ dúró ná, Ìyá, kí lẹ fẹ́ sọ nípa ojú? Èé ṣe tó fi gba ìdáhùn lẹ́nu ẹni tí wọn kò ní fi abẹ kàn? Àwa tí a kò kàwé ìṣègùn, a kò mọ ìdí tí wọ́n fi ń béèrè ojú. Òun mọ̀. Ká ní ó sọ ìdí náà ni, Ẹ̀gbọ́n pàápàá ì bá ronú.

Ìdí náà rèé, kí ẹ fi ọwọ́ mú un. Tí wọ́n bá fẹ́ fi rọ́bọ́ọ̀tì ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ ikùn, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ikùn aláìsàn kí àyè lè wà fún àwọn apá irin, wọ́n á dè é mọ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á sì tẹ bẹ́ẹ̀dì náà síwájú títí orí rẹ̀ á fi kọdò, tí ẹsẹ̀ á wà lókè, kí ìfun lè yọ́ lọ sí ìhà àyà. Báyìí ni yóò wà fún wákàtí púpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ á sọ̀ sí orí, ojú á wú, agbára tó ń tẹ ẹyinjú láti inú á sì ga sí i. Ojú tó dá pé, á fara dà á, á sì padà sípò. Ṣùgbọ́n ojú tó ti le koko tẹ́lẹ̀, tí oògùn rẹ̀ ti jẹrà ní ààtàn, kí lẹ rò pé yóò ṣe?

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, a jókòó síta, Ẹ̀gbọ́n ń kọrin ìyìn lábẹ́ ẹnu. Dókítà jáde, ó bọ́ ìbòmú rẹ̀, ó ní ohun gbogbo lọ dáadáa, òun yọ kókó náà tán. Ẹ̀gbọ́n dì mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ mi jáde, ojú rẹ̀ wú bí ẹni tí agbọ́n ta, wọ́n ní yóò wálẹ̀. Ó wálẹ̀ lóòótọ́. Ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó tàn yòò sórí aṣọ tó fi bora. Mo ń po ògì fún un lọ́wọ́ nígbà tó la ojú, tó ní, “Ìyá Dàpọ̀, ṣé wọ́n ti múná lọ ni?” Mo ní oòrùn ti yọ, kí la fẹ́ fi iná ṣe. Ó fọwọ́ nu ojú méjèèjì. Ó tún ní, “Ṣí fèrèsé yẹn fún mi, jàre.” Fèrèsé náà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo gbé abọ́ ògì náà kalẹ̀, mo sì na ọwọ́ mi síwájú ojú rẹ̀. Kò ṣẹ́jú.

Wọ́n sáré wá dókítà ojú. Ó gbé ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè, ó tan iná sí i, ó wọ̀n ọ́n, ó wá béèrè pé ta ló ń tọ́jú gulakómà bàbá yìí. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ní ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé kò ní àìsàn ojú. Mo wo Ẹ̀gbọ́n. Bàtà rẹ̀ ló ń wò. Dókítà ojú fi sùúrù ṣàlàyé fún mi pé kò sẹ́ni tó lè búra pé ojú náà ì bá má lọ, ṣùgbọ́n ká ní wọ́n mọ̀, wọ́n ì bá kọ́kọ́ fi oògùn rọ ojú náà. Wọ́n ì bá dín bí orí ṣe kọdò kù, tàbí kí wọ́n máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì padà lóòrèkóòrè. Wọ́n sì lè sọ pé ẹ jẹ́ ká tẹ́ ẹ gbalaja, ká fi ọwọ́ ṣe é, tàbí ká fi iná ẹ̀rọ jó jẹjẹrẹ náà láìfi abẹ kàn án. Ọ̀nà pọ̀, òǹkàwé mi. Ọ̀nà pọ̀ lọ rẹpẹtẹ, a kò sì yàn nínú wọn, torí pé wọ́n fẹ́ ẹ̀rọ tí kò ní ọwọ́. Wọ́n kán oògùn, wọ́n gún abẹ́rẹ́, ọ̀kan kú pátápátá, èkejì kò rí ju òjìji lọ.

Ẹ rò pé Ẹ̀gbọ́n tọrọ àforíjì? Nígbà tí a padà sí Ìkẹ́rẹ́, ó pe gbogbo ẹbí jọ, ó ní òun ti gbàdúrà, Olúwa sì ti fi ìdí ọ̀rọ̀ han òun. Ó ní èmi ni. Ó ní èmi tí mo dárúkọ ojú níwájú dókítà ni mo pe ohun àtijọ́ padà wálé. Èmi o! Èmi tí mò ń gbé orí ọkọ mi lé itan kán oògùn tó jù sí ààtàn! Àwọn kan nínú ẹbí sì mi orí, wọ́n ní ahọ́n obìnrin. Mo dìde, mo wọ inú ilé, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì bú sẹ́kún.

Ó wá ṣètò ìdúpẹ́ ní ìjọ. Ó ní kí ọkọ mi wá jẹ́rìí pé jẹjẹrẹ ti lọ, kí ó fi ihò kéékèèké náà yin Ọlọ́run lógo, ṣùgbọ́n kí ó má mẹ́nu ba ìyókù, kí ìgbàgbọ́ àwọn ọmọdé nínú Olúwa má baà rẹ̀. Ọkọ mi ní ó dára. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún èmi pàápàá. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ó wọ agbádá funfun, ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi, a sì rìn lọ síwájú. Wọ́n fi makirofóònù sí i lọ́wọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé jẹjẹrẹ ti kúrò, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó wá ní kí wọ́n rántí afọ́jú tí Jésù fa lọ́wọ́ jáde kúrò nínú ìletò. Ó ní Jésù gbé ọwọ́ lé e, ó sì bi í pé kí ló rí. Ó ní ọkùnrin yẹn kò ní òun ti ríran tán kí àwọn ènìyàn lè hó. Ó ní àwọn ènìyàn tí òun rí dà bí igi. Ó ní Jésù kò bínú sí i, Jésù kò ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré, ńṣe ló tún gbé ọwọ́ lé e lẹ́ẹ̀kejì. “Òtítọ́ ló sọ tí wọ́n fi wò ó tán. Èmi, wọ́n ní kí n má sọ tèmi. Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ jókòó sí? Ẹ fọhùn, kí n lè kọjú sí yín.”

Ẹ̀gbọ́n kò fọhùn. Ọkọ mi ń yí ojú láti apá ọ̀tún sí apá òsì, ó ń dúró de ohùn ọmọ ìyá rẹ̀, títí akọrin kan fi dá orin sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbè é.

Láti ọjọ́ náà ni ẹbí ti ní èmi ni mo kọ́ ọkọ mi ní ohun tó sọ. Wọ́n ní kí n lọ kúnlẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n, kí n sọ pé mo ṣẹ̀, kí àlàáfíà lè jọba. Olùṣọ́ àgùntàn ìjọ wa náà ní kí n rẹ ara mi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìdúpẹ́ náà. Ìyàwó díákónì kan gba ẹnu ọ̀nà ìdáná wọlé tọ̀ mí wá, ó fi ìborùn bo orí, ó sì rọra bi mí pé kí ni orúkọ oògùn ojú tí à ń kán nígbà náà. Ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó jáde lọ́jọ́ ìsọjí. Òun náà ti ń fi èjìká gbá ilẹ̀kùn. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bi í pé, ẹ̀yin ń bẹ̀ mí kí n dákẹ́, ẹ ò wá rí ibi tí ìdákẹ́ gbé wa dé?

Ẹ̀yin tó ń lọ sí abẹ rọ́bọ́ọ̀tì, n kò ní kí ẹ má lọ. Ó yọ jẹjẹrẹ ọkọ mi, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹ béèrè ẹni tó máa jókòó sí ìdí rẹ̀. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe máa gbé yín sùn. Ẹ béèrè ọ̀nà mìíràn tó wà. Bí wọ́n bá sì bi yín nípa àìsàn, ẹnu ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ fi dáhùn, ẹ ka gbogbo rẹ̀ kalẹ̀, títí kan èyí tí Ọlọ́run ti wò. Jésù tó wo àwọn adẹ́tẹ̀ náà ló ní kí wọ́n lọ fi ara han àlùfáà. Ẹni tó bá fẹ́ fọhùn, kó fọhùn, ìbáà ṣe ìyàwó ilé.

Ní tèmi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ kúnlẹ̀ fún ọkùnrin yìí? Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá mi lóhùn, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ di ojú yín, kí ẹ sì wá omi mu nínú ilé ara yín.